Táyà Karùn-ún Ọ̀gá Láníyọnu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga súnmọ́bí. Ẹni tó bá gbé nǹkan ka iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní í dúró de ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èmi kò kàwé lọ títí. Pírámárì kẹta ni mo dé tí bàbá mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n wá bá ìyá mi ta agolo. Agolo náà ni mo sì ń tà ní ọjà Ipata títí dòní: agolo òfìfo, ike òfìfo, páálí òfìfo. Ṣùgbọ́n mo mọ òǹkà. Ẹni tó bá sọ fún mi pé agolo mẹ́rin jẹ́ márùn-ún, á fi ibi tó gbé ìkarùn-ún pamọ́ sí hàn mí.

Ọ̀rọ̀ ìkarùn-ún yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Wàlláhì, láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀ lórí àdúrà, ojú a máa tì mí, nítorí ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Mo ní ọmọ ọmọ kan, Nabeelah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún. Ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan lẹ́yìn Ọjà Tuntun, Hamidat sì ni olùkọ́ wọn. Ọmọbìnrin yẹn, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọ̀nà rẹ̀! Wọn kò fún un ní ìwé, wọn kò fún un ní ohun ìṣeré. Ṣọ́ọ̀kì lásán ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́ pé kó lọ fi kọ́ ogójì ọmọ. Ó wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn páálí mílíìkì tó ti ya yẹn, kí lẹ ń fi wọ́n ṣe?"

Mo ní, "Iná ni mo fi ń dá."

Ó ní, "Ẹ má fi dáná mọ́. Mọ́tò ni wọ́n."

Mo wò ó títí. Mo rò pé oòrùn ló pa á ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, mo yọjú sí kíláàsì wọn, mo rí nǹkan! Ó ti fi páálí ṣe ara ọkọ̀, ó fi ìdérí ìgò mínírà ṣe táyà, ó fi igi ìgbálẹ̀ so wọ́n pọ̀, gbogbo wọn sì ń yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì. Bárò ni ó fi ń kọ́ wọn ní ení, nítorí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni bárò ní. Ọ̀kadà ni èjì. Kẹ̀kẹ́ Máárúwá ni ẹ̀ta. Mọ́tò ni ẹ̀rin. Tó bá kan àrún, á ní kí wọ́n gbé bárò dúró ti mọ́tò, kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bárò yẹn sápò, a máa tó béèrè rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ó kọ́ wọn pé róbótó ni táyà, pé onígun mẹ́rin ni ara tírélà, pé ohun pupa tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lójú títì, onígun mẹ́ta ni. Ní ilé wa, a kò rímú mí mọ́. "Ìyá Àgbà, ẹnu ìkòkò yín, róbótó ni." "Ìyá Àgbà, ẹní ìkírun yín, onígun mẹ́rin ni." Mo bi í pé èmi ńkọ́, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà, róbótó."

Ẹ jẹ́ n fi Hamidat sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ rẹ̀, kí n mú Ọ̀gá wọlé. Ẹ dìde dúró. Mo ní ẹ dìde! Wọn kì í jókòó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Òun ni Oyèkúnlé Láníyọnu, Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Òǹkà àti Ìrísí Nǹkan láàárín Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́. Ibi tí orúkọ oyè yẹn gùn dé, bí o bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Post Office, o lè dé Ipata kó o tó parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ pè é tán kó tó ní "ẹ káàárọ̀, Sà". Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, ọ̀sán ni wọ́n kí i.

Ẹ má bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tó ń lọ nínú ilé rẹ̀. Ìlọrin la wà. Ẹni tó ń bá wọn fọṣọ ń ra ike lọ́wọ́ mi. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀, Àríyọ̀, ọmọ rere ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí.

Ọ̀gá ní akọ̀wé kan, Ayọ̀díjí. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí kì í ṣe ìwé kíkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ọ̀gá kó máa fi epo sí i. Bí Ọ̀gá bá sín, Ayọ̀díjí á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe bọ́ sípò!" Bí Ọ̀gá bá ní oòrùn mú, Ayọ̀díjí á bínú sí oòrùn.

Nígbà tí ìjọba gbé jíípù fún Ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sùn sínú rẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹ mọ táyà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn jíípù, èyí tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè ní ẹ́sítírà? Ọ̀gá ní kí wọ́n rán aṣọ bò ó, kí wọ́n tẹ fọ́tò òun sí aṣọ náà, ojú gbàgàdà, fìlà gẹ̀lẹ̀tẹ̀. Wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ihò wà láàárín táyà. Imú Ọ̀gá ló bọ́ sí ojú ihò yẹn! Ó jìn wọnú bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá pariwo. Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà. Káfíńtà wọlé pẹ̀lú ayùn, géètì tì fún wákàtí méjì, nígbà tó jáde, imú Ọ̀gá ti dúró ṣánṣán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kún dáadáa ju ti ojú gidi lọ.

Kí ni káfíńtà ń wá nídìí táyà? Ẹ ṣe sùúrù. Ẹni tó bá yára jẹ ọbẹ̀ gbígbóná, ahọ́n ara rẹ̀ ló fi ń jẹ ẹ́ mọ́ ọn.

Ọ̀gá wá gbọ́ pé olùkọ́ kan ń fi páálí mílíìkì kọ́ àwọn ọmọ, pé àwọn òbí ń yìn ín. Ó ní òun máa lọ wò ó. Ọjọ́ tó lọ yẹn, wọ́n kó àwọn ọmọ síta láti aago mẹ́jọ. Aago mọ́kànlá ló dé. Ọmọ mẹ́ta ti tọ̀ sára.

Ó gun orí àpótí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi! Èmi, tí mo jẹ́ ohun tí mo jẹ́, mo kí yín ní orúkọ ohun tí mo jẹ́!"

Ayọ̀díjí ní, "Ohun tí ẹ jẹ́ kéré sí yín, Sà!"

"Kí èmi tó gorí ipò yìí, ta ló mọ ení? Ta ló mọ èjì? Ṣé kì í ṣe pé àwọn èèyàn kàn ń bímọ ni, tí wọn ò mọye tí wọ́n bí?"

"Àwa náà ò mọye wa, Sà!"

"Ta ló mọ róbótó? Òṣùpá ń yọ lásán ni!"

"Lásánlàsàn, Sà! Ẹ̀yin lẹ sọ ohun tó jẹ́ fún un!"

Lẹ́yìn ìgbà tí òṣùpá ti gba ìtọ́ni tirẹ̀ tán, Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí jíípù. Ó ní, "Ẹ fi páálí sílẹ̀. Ọkọ̀ ńlá rèé, ti ẹni ńlá. Ta ló lè ka táyà rẹ̀?"

Ta ni ẹ rò pé ó jáde? Nabeelah tèmi! Ó yí jíípù ká, ó ń fọwọ́ kan táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Mẹ́rin ni, Sà."

"Tún un kà."

Ó tún yí i ká. "Mẹ́rin, Sà."

Ojú Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí èyí tó wà lẹ́yìn?"

"Mo rí i, Sà. Ìyẹn ò kanlẹ̀. Àǹtí wa ní èyí tó bá ń kanlẹ̀ tó ń yí ni ká máa kà."

Hamidat sáré kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Sà, ọmọdé ni. Ẹ́sítírà ni wọ́n ń pè é, ó—"

"Kí lo pè?" Ọ̀gá ké. "Ojú tèmi ni ẹ́sítírà? Wọ́n ka èyí tó wà nínú ẹrẹ̀, wọ́n fo èyí tí ojú mi wà!"

Ayọ̀díjí káwọ́ lérí. "Yéè! Wọ́n ti fo ojú Ọ̀gá!"

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe òǹkà ló dun ọkùnrin yìí. Pé wọn kò ka òun mọ́ ọn ló dùn ún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ìwé àṣẹ ti jáde: láti òní lọ, ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, mọ́tò ní táyà márùn-ún. Bí Ọ̀gá bá sì ń wọlé níbikíbi, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀marùn-ún, táyà kọ̀ọ̀kan, àtẹ́wọ́ kan.

Olùkọ́ kan, aláìlẹ́ṣẹ̀, wá kọ̀wé béèrè pé kẹ̀kẹ́ Máárúwá ńkọ́? Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní kí fáànù máa fẹ́ òun, ó ronú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó jáde, ó ní kò ní í jẹ́ ojúsàájú: gbogbo ohun tó ń yí ni kí wọ́n fi ọ̀kan lé fún, nítorí ọ̀wọ̀. Kẹ̀kẹ́ Máárúwá di mẹ́rin. Ọ̀kadà di mẹ́ta. Bárò di méjì.

Zubair tó ń ti bárò ní Ipata wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí. "Ìyá, wọ́n ní bárò mi ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹ bá mi wá ìkejì, àbí ilé àna mi ni mo gbàgbé ẹ̀ sí?"

Mo ní, "Lọ bi Ọ̀gá. Òun ló rí i kẹ́yìn."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín tán. Ayọ̀díjí kó ọkọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ó palẹ̀ gbogbo mọ́tò páálí mọ́, ó ní táyà wọn kò pé. Àwọn ọmọ ń sunkún, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń ju tírélà wọn lé kẹ̀kẹ́ Máárúwá wọn lórí. Onígun mẹ́ta pupa tí wọ́n fi páálí ṣe nìkan ló fi sílẹ̀, nítorí kò mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n kó ìyókù lọ sí ilé ìkó-ẹrù ìjọba, wọ́n sì fún Hamidat ní kúẹ́rì.

Ohun tó wà nínú kúẹ́rì yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní Ọ̀gá máa ṣe àjọ̀dún Ètò Táyà Márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an lọ́jọ́bọ̀, pé alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ gbogbo olùdarí máa wá wò ó, àti pé ọmọ tó ka mẹ́rin yẹn náà ni kó tún un kà. Bí àwọn ọmọ bá ka márùn-ún lójú alága, wọ́n forí ji Hamidat. Bí wọ́n bá ka mẹ́rin, ọjọ́ Ajé ni kó gba tiránsífà lọ sí abúlé kan tó kọjá Kàìámà. Kàìámà tó jìn réré sí Ìlọrin, ẹ̀yin èèyàn mi! Bẹ́ẹ̀ ìyá Hamidat kò ríran mọ́. Òun ló ń mú un lọ́wọ́ lọ bá omi àlùwàlá.

Mo lọ bá a nílé. Mo ní, "Hamidat, sọ márùn-ún fún wọn. Ọjọ́ kan péré ni."

Ó wá ní, "Ìyá, ọmọ tí mo bá kọ́ pé kó pa ojú tirẹ̀ dé kó fi ojú ọ̀gá kàwé, kí ni mo kọ́ ọ? N kò ní í kọ́ wọn ní márùn-ún, n kò sì ní í ní kí wọ́n ta ko Ọ̀gá. Wọ́n á kà á ni. Ohun tí wọ́n bá rí, òun ni."

Ìyá rẹ̀ tó jókòó sí kọ̀rọ̀ gbé orí sókè. "Èmi tí n kò ríran gan-an mọ̀ pé mẹ́rin ni. Mo ti wọ mọ́tò rí."

Nabeelah ní tirẹ̀, àwọn èèyàn Ọ̀gá ti fi bíírò pupa fa igi sórí mẹ́rin tó kọ sínú ìwé. Ó sunkún títí, ó kọ oúnjẹ. Mo mú un lọ́wọ́, a lọ jókòó sábẹ́ òjìji ilé kan ní Post Office, mo ní kó máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá fún mi. Ó kà títí wọ́n fi pe ìrun àsárì ìrọ̀lẹ́. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. A rí ọ̀kan ṣoṣo tó yàtọ̀: mẹ́ta ló ní, òkúta ló sì fi ṣe ìkẹrin, níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó fà mí láṣọ. "Ìyá Àgbà, bí mo bá ní mẹ́rin, ṣé wọ́n máa gbé Àǹtí wa lọ?"

Mo gbé e pọ̀n.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n kan pèpéle fún òun, gíga ju ti ọba lọ, nítorí náà àwọn káfíńtà kan ìṣó láti àná títí di àárọ̀. Ìṣó tó bọ́ sílẹ̀ lágbàlá yẹn pọ̀ ju àgbàdo lọ. Èmi àti àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá kékeré kan tó wọ híjáàbù dúdú wá jókòó tì mí, ó kí mi, mo fún un ní ẹ̀pà, ó ń jẹ.

Ayọ̀díjí sáré dé, ó ń fọwọ́ lé e. "Màmá, ẹ sún! Ibẹ̀ yẹn ni òjìji Ọ̀gá máa bọ́ sí!"

Ìyá náà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó sún. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá, òjìji rẹ̀ náà ní àga?"

Mo ní, "Ẹ máa jẹ ẹ̀pà yín. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan."

Jíípù yọ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn. Ọ̀gá yọ orí lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ bí ẹni tó ń fọ́n irúgbìn. Gbogbo èèyàn dìde láti pàtẹ́wọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kan. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Fíììììììì!

Ìṣó pèpéle Ọ̀gá ti wọ táyà Ọ̀gá. Jíípù fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ bí ràkúnmí tó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọ̀gá ṣì ń juwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọsánmà ló ń juwọ́ sí.

Àwọn ọmọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, "Àǹtí! Onígun mẹ́ta! Onígun mẹ́ta!" Kí Hamidat tó lanu, ọmọ méjì ti gbé páálí pupa yẹn jáde, wọ́n rìn gẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn jíípù, wọ́n gbé e dúró sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn. Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Fọ́tò Ọ̀gá ń wò wọ́n láti òkè, imú ṣánṣán.

Ìyá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó dìde, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀. "Ọ̀gá Láníyọnu, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni Ummu Kulthum."

Ayọ̀díjí wó lulẹ̀. N kò sọ pé ó dọ̀bálẹ̀; mo ní ó wó. Alága ìgbìmọ̀ ni ó lé kúrò níbi òjìji!

Alága ní, "Ẹ kọ̀wé sí wa pé mọ́tò ní táyà márùn-ún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti bàjẹ́, ẹ sọ ìkarùn-ún kalẹ̀ kó wá ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, òógùn bò ó. "Alága wa ọ̀wọ́n, táyà yẹn kì í ṣe táyà ìrìn. Táyà ìmọ̀ ni. Ó kọjá kí ó kan ilẹ̀. Bí ó bá kan ilẹ̀, ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ló kan ilẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kó kàn án díẹ̀. Ìwọ dẹ́rẹ́bà, máa bọ̀. Ṣí i."

"Àríyọ̀, o ò gbọdọ̀ dán an wò!"

Àríyọ̀ wo Ọ̀gá, ó wo alága. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń gbàdúrà kí táyà má jò." Ó fa síìpù.

Pákó ló jábọ́! Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ayùn gé róbótó, fóòmù méjì lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó yí díẹ̀ lórí eruku, ó ṣubú.

Alága ní, "Kí lèyí?"

Àríyọ̀ ní, "Màmá, imú Ọ̀gá ló ń jìn sínú ihò táyà. Wọ́n yọ táyà kúrò, wọ́n fi pákó dípò kí ojú lè tẹ́. Fóòmù yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni."

"Táyà gidi dà?"

"Ó wà nílé, Màmá. Adìyẹ ìyàwó Ọ̀gá ló ń sàba nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lo àádọ́rin ọdún láyé. N kò tíì gbọ́ pé adìyẹ ń sàba nínú táyà ìjọba rí. Alága wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ Nabeelah, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo máa kà á. Táyà mélòó ni ọkọ̀ yìí ní?"

Nabeelah wo Àǹtí rẹ̀. Mo ń sọ nínú mi pé, kà á bí o ṣe rí i, ọmọ mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Hamidat kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

Ọmọ náà yí jíípù ká. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Mẹ́rin ni, Mà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti sùn."

"Èyí tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́?"

Nabeelah fi ẹsẹ̀ kàn án. "Róbótó ni, Mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe táyà."

Alága dìde dúró. Ó gba ìwé tiránsífà Hamidat lọ́wọ́ Ayọ̀díjí, ó fà á ya sí méjì, ó fà á ya sí mẹ́rin. Ó dúró níbẹ̀. Kò ya ìkarùn-ún. Ó ní kí wọ́n dá gbogbo mọ́tò páálí padà kí oòrùn tó wọ̀, kí Hamidat wá kọ́ àwọn olùkọ́ yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, ó ní wọ́n á jọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Mo kígbe "Alhamdulilláhì!", ẹ̀pà mi fọ́n ká.

Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọ̀gá nìkan ló kù lórí pèpéle, ó jókòó bí ẹrù tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbé, ó ń fi fìlà nu omijé. Ayọ̀díjí ti ń bá Hamidat gbé bẹ́ǹṣì. Ó ń sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé mẹ́rin ni, ẹnu ni kò jẹ́ kí òun sọ.

Ibẹ̀ la wà tí Zubair fi dé. Àríyọ̀ ló rán an níṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Ó ti bárò rẹ̀ wọlé, jáàkì àti irinṣẹ́ ló rù síbẹ̀, ó gbé e dúró ti jíípù gan-an.

Nabeelah dúró. Ó wo bárò. Ó wo jíípù. Ojú rẹ̀ tàn, ó sì tún sáré yí wọn ká, ọwọ́ rẹ̀ ń kan táyà. "Ení! Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin!" Ó fò mọ́ bárò. "Àrún!"

Ó wá gbójú sókè sí ọkùnrin tó wà lórí pèpéle. Àánú rẹ̀ ló ṣe é, wàlláhì, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́, Sà. Ó ti pé márùn-ún."

Zubair ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àríyọ̀ tẹ̀lé e. Kí n tó mọ̀, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó pé pérépéré lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n gba jíípù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba oyè gígùn yẹn. Wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ ilé ìkó-ẹrù, níbi tí wọ́n ti kó mọ́tò páálí àwọn ọmọ sí nígbà yẹn. Pákó rẹ̀ wà ní kíláàsì Hamidat. Òun ni wọ́n ń tẹ̀lé etí rẹ̀ fi ya róbótó. Fóòmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń nu pátákó.

Níjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń ti Ipata bọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Máárúwá. Ta ni mo bá níbẹ̀ tó fẹ́ wọlé? Ọ̀gá Láníyọnu fúnra rẹ̀, láìsí Ayọ̀díjí, ó gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan dání. Ó kí mi, "Ìyá, ẹ kú ọjà." Ó kí mi dáadáa, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ ká, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka nísàlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun.

Ó bi ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ pé, "Ẹ́sítírà ńkọ́? O ní?"

Ọmọkùnrin náà ní, "Ó wà lábẹ́ àga, Baba."

Ó ní, "Ṣí i kí n rí i."

Wọ́n ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, táyà gidi ni. Ó mí kanlẹ̀, ó wọlé, ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Mẹ́ta ni. Mi ò ka èyí tó ń sinmi mọ́ ọn."

Mo sún fún un.